Ahọ́n Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Tọ́ Ata Wò

Bí ìyá àgbà mi bá fẹ́ mọ irú ata gbígbẹ tó wà nínú àpò kan, wọn kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò náà títí yóò fi dé ìdí, nítorí àwọn tó ń di àpò mọ ohun tí wọ́n ń fi sókè. Wọ́n á fa ẹyọ kan yọ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n á sì fi ojú ibi tó ti ṣẹ́ kan ahọ́n wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á sì máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ẹni tó dúró nítòsí á dákẹ́. Bí ó bá yá, wọ́n á ní, “Ti ọdún yìí ni,” tàbí, “Òjò ti pa eléyìí rí,” tàbí, “Wọ́n ti po méjì pọ̀.” N kò tíì rí ẹni tó bá wọn jiyàn lórí ata tó sì jàre.

Láìnì ata gbígbẹ ní ọjà Mile 12 ni wọ́n ti ń tajà láti ìgbà tí màmá mi ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kétu ni ilé wa, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè tírélà láti títì Ìkòròdú ní gbogbo ìgbà. Èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la jọ ń gbé níbẹ̀ láti ọdún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì; Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi wà. Ìyá Àgbà ni alága láìnì náà. Ipò alága yìí kò ní ọ́fíìsì, kò sì ní owó oṣù. Ohun tó ní ni àga oníke funfun kan tí a gbé sí oríta láàárín àwọn ìsọ̀, níbi tí ojú ẹni tó bá jókòó ti lè ká òpin láìnì lápá méjèèjì. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, tàbí lórí oníbàárà tí ẹnì kan fà mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á gbọ́ tọ̀tún tòsì, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí gbogbo láìnì mọ̀ mọ́ wọn: “Ó tó.”

Ohun méjì ni mo fi ń mọ̀ bóyá ara Ìyá Àgbà yá: èémí wọn àti ẹ̀rín wọn. Ìyá Àgbà fẹ́ràn ẹ̀rín. Ẹ̀rín wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á sì ti máa bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rín náà kì í dé òpin mọ́. Bí ó bá dé àárín, ikọ́ á gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á di orúnkún mú, àyà wọn á sì máa dún bí fèrè. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo rò pé bí gbogbo àgbàlagbà ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kọjá ikọ́ lásán. Wọ́n ń tú ata ṣọ̀ḿbọ̀ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan, eruku rẹ̀ sì bo gbogbo láìnì. Àwọn yòókù sín, wọ́n nu imú, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyá Àgbà kò sín. Èémí wọn kàn kọ̀ láti jáde ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onítàtàṣé. Àwọn ni wọ́n pariwo pe àwọn alábàárù. Orí ọmọlanke ni a fi gbé alága láìnì dé etí títì, kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni èmi wà nígbà náà. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, a ti fi ohun tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ bo imú wọn, Ìyá Onítàtàṣé sì jókòó ti ibùsùn, wọ́n di bàtà Ìyá Àgbà méjèèjì mọ́ àyà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ.

“Wọ́n ní ikọ́ fée ni,” ni Ìyá Onítàtàṣé sọ fún mi. “Dókítà ní kí wọ́n fi ata sílẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa fi aṣọ bo imú. Ṣé o mọ ohun tí ìyá ẹ sọ? Pẹ̀lú gbogbo èémí tí ò sí, wọ́n bi dókítà bóyá òun náà lè fi aláìsàn sílẹ̀!”

Lórí ibùsùn, Ìyá Àgbà fi ojú rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹnu wọn kò ráyè.

Inhélà méjì ni dókítà fún wọn, àwọn ike kékeré tí a ń fi sẹ́nu, tí a ń tẹ̀, tí a sì ń fa oògùn inú wọn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan jẹ́ búlúù, èkejì jẹ́ búráùn. Búlúù wà fún ìgbà tí èémí bá há; ó máa ń tú iṣan ọ̀nà èémí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Búráùn ni ó ní sìtẹ́rọ́ìdì nínú, oògùn tó ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí dínkù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, yálà àyà ń há tàbí kò há, kí wọ́n sì máa fi omi yọ ẹnu wọn. Kí wọ́n má baà gbàgbé, Ìyá Àgbà so ó mọ́ ìrun. Ní àsùbáà àti ní ìṣáì, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun tán, wọ́n á ṣì jókòó lórí ẹní, wọ́n á ní “Bísímílà,” wọ́n á sì fa oògùn náà pẹ̀lú ojú dídì.

Kò pẹ́ rárá tí ilé wa fi yí padà. N kò mọ̀ pé èémí wọn ti di ara ohun tí mo fi ń sùn títí di ìgbà tí n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo máa ń jí, mo máa ń na ọwọ́ sí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì tí a jọ ń sùn, mo sì máa ń rí i pé àyà wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ti ọmọdé.

Lẹ́yìn náà, òjò bẹ̀rẹ̀, fèrè inú àyà náà sì padà dé. Ó kọ́kọ́ wá ní òwúrọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, wọn kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró ní àárín. Mo wo orí àpótí tí wọ́n ń kó oògùn sí: inhélà búlúù mọ́, ó ń dán, nítorí ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀. Eruku ti bo ìdérí búráùn.

“Ìyá Àgbà, ẹ ò fa èyí mọ́ ni?”

“Mò ń fà á.”

“Eruku wà lórí ẹ̀.”

“Kétu la wà. Eruku wà lórí èmi náà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.”

Wọ́n gba inhélà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n sì gbé e padà sí ibi tó wà. “Búlúù tó mi. Bí mo bá pè é, á jẹ́ mi lóhùn. Èyí, bí mo fà á, bí n ò fà á, n ò gbọ́ ohun tó ń wí.” Wọ́n nawọ́ sí àpò ìwé mi. “Lọ ka ìwé ẹ, ìyá mi.”

Bí wọ́n bá ti pè mí ní ìyá mi, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ọmọlanke náà nínú ọkàn mi ju ìgbà tí mo lè sọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Nígbà tí kíláàsì tú, mo lọ bá wọn ní ìdí tábìlì, mo sì bèèrè ìdí tí ènìyàn fi ní láti máa lo oògùn ikọ́ fée nígbà tí kò wú ikọ́. Wọn kò lé mi. Wọ́n jókòó padà.

“Ara wa ní ọmọ ogun,” ni wọ́n sọ. “Iṣẹ́ wọn ni láti bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹni tó ní ikọ́ fée, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń bínú sí ohun tí kò yẹ. Eruku dé, wọ́n ní ọ̀tá dé. Èéfín dé, ogun dé. Inú ọ̀nà èémí ni wọ́n ti ń jà á. Ibẹ̀ á wú, á kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀nà á sì há.”

“Ṣé kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́kun ni, Àǹtí?”

“Ó wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kì í jà. Àárín àwọn ọmọ ogun náà ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ fún àwọn yòókù pé ó tó.”

Mo gbé orí sókè. Olùkọ́ mi kò mọ ìyá àgbà mi, wọn kò sì dé láìnì wa rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ni wọ́n sọ yẹn. Wọ́n pe orúkọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tó gùn. Ní ọkàn tèmi, mo sọ wọ́n ní apẹ̀tùsááwọ̀.

Wọ́n ṣàlàyé pé iṣẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì inú búráùn ju ẹyọ kan lọ. Ó ń mú kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun náà rọ̀, kí ibi tó wú lè fà sẹ́yìn. Ó sì jọ pé ó tún ń ran àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn náà wò rí i pé, nínú ara àwọn kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ sí i, tàbí pé iṣẹ́ wọn múná ju bó ṣe wà kí oògùn tó wọlé.

“Ṣùgbọ́n má fi mọ síbẹ̀,” ni olùkọ́ mi sọ. “Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wò ó ló rí ohun kan náà. Nínú ara àwọn mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé kì í ṣe oògùn tí à ń sáré pè nígbà tí ilé bá ti ń jó. Ó gbọ́dọ̀ wà nílé lójoojúmọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn pé wọ́n jẹ́ kí n mọ ibi tí ìmọ̀ dé àti ibi tí kò tíì dé. Ó mú kí n gba ìyókù gbọ́.

Ní Sátidé, mo tẹ̀lé Ìyá Àgbà lọ sí ọjà, mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ kọ àròkọ. N kò ráyè sọ ọ́. Ariwo ti sọ ní ìsọ̀ Ìyá Onítàtàṣé.

“Mummy, kóńgò yìí ò kún!” Oníbàárà kan ni, ọ̀dọ́bìnrin tó gbé báàgì ńlá kọ́ apá.

“Kò kún? Ṣé kí n wá jókòó sínú ẹ̀ kó lè kún ni?”

“Àtàǹpàkò yín wà nínú kóńgò nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n. Mo rí i!”

“Àtàǹpàkò mi! Ẹ gbọ́ o! Àtàǹpàkò yìí ló tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sí èyí tó jalè nínú wọn!”

“Èmi ò sọ̀rọ̀ ọmọ, kóńgò ni mò ń sọ!”

Àwọn ènìyàn ti ń kó jọ. Ìyá Àgbà kò dìde lórí àga. “Ó tó,” ni wọ́n wí, ariwo náà sì rọlẹ̀ bí ìgbà tí a bu omi sí iná. “Ìyá Onítàtàṣé, da ata yẹn padà, kí o sì gbé kóńgò fún un. Ìwọ ọmọ yìí, fi ọwọ́ ara ẹ wọ̀n ọ́n. Bí o bá wọ̀n ọ́n tán, kò sí èènì o. Àbí o tún fẹ́ kí àtàǹpàkò ó wọlé fún ẹ?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà bú sí ẹ̀rín. Ìyá Onítàtàṣé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì le. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, ó gòkè wá, ó dé àárín, ikọ́ sì gbà á. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n wá inhélà búlúù nínú àpò ìró, wọ́n fà á, wọ́n dúró, wọ́n tún fà á.

“Àlàájà, àyà yín ń dún bí ọjà irin ní Owódé Onírin,” ni Ìyá Onítàtàṣé sọ, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti di èjìká Ìyá Àgbà mú.

Nígbà tí èémí náà rọlẹ̀, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga. Gbogbo ohun tí mo ti tò lẹ́sẹẹsẹ ti tú ká.

“Ìyá Àgbà, ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ sìnkú ní Ìsẹ́yìn?”

“Ṣé ó ṣeé gbàgbé ni?” Ìyá Onítàtàṣé ló dáhùn. “Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa gèlè mi ya! Ata ń fò lókè bí ẹyẹ. Àwọn aláṣẹ ọjà ti láìnì pa.”

“Kí Ìyá Àgbà tó lọ, ṣé ìjà wà ní láìnì?”

“Kò sí.”

“Ìyá Àgbà, kí wá lẹ ń ṣe lórí àga yìí lójoojúmọ́ nígbà tí kò sí ìjà?”

“Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà!” ni Ìyá Onítàtàṣé wí.

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: pé irú wọn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní láìnì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe nínú ọ̀nà èémí, pé inhélà búlúù ló dà bí ẹni tó ń la ìjà lẹ́yìn tí gèlè ti ya, ṣùgbọ́n pé búráùn ló ń jẹ́ kí alága wà lórí àga, kí ìjà má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. “Bí ẹ bá pa á tì, ẹ ti rán gbogbo wọn lọ sí Ìsẹ́yìn nìyẹn.”

Mo rò pé mo ti kọjá àyè mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì ní kí èmi àti Ìyá Onítàtàṣé sún mọ́ àwọn. Wọ́n yọ ahọ́n wọn.

Ohun funfun kan wà lára rẹ̀, ní tótòtó, bí ògì tó gbẹ mọ́ ìkòkò.

“Láti ìgbà tí mo ti ń fa búráùn yìí ló ti dé,” ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. “Ahọ́n mi kú. Mo fi ata kàn án, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ó ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán. Imú àti ojú ni mo fi ń tọ́ ata wò báyìí.”

“Ha, Àlàájà!” Ìyá Onítàtàṣé fi ọwọ́ bo ẹnu. “Àpò tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan lọ́jọ́sí, tí àwọn oníbàárà ń dá padà…”

“N kò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.”

“Èmi rò pé ẹ fi ṣàánú ọkùnrin yẹn ni.”

“Alága láìnì ata tí ahọ́n rẹ̀ kú,” ni Ìyá Àgbà wí, “kí ló ń ṣe lórí àga? Èémí ni mo fi ń wà láàyè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ni mo fi jẹ́ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní kí n fi ọ̀kan du èkejì.”

Mo gbé orí lé itan wọn, níbi tí ìró wọn ti ń rùn fún ata, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa mí lórí bí ẹni pé èmi ni ara mi kò yá. Ìyá Onítàtàṣé ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Lọ́la Ọlọ́run,” ni wọ́n wí, “mi ò mọ sẹ́ẹ̀lì, mi ò mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wa lóògùn ni a máa gbé ahọ́n yìí lọ bá. Bí ẹ ò bá lọ, màá kéde ẹ̀ fún gbogbo láìnì.”

“O ò tó bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ dán mi wò.”

Ní ọjọ́ Ajé, a lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọ ìborùn funfun tó bo èjìká, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó tan iná kékeré sí ẹnu Ìyá Àgbà, ó mi orí, kò sì jọ pé ẹ̀rù bà á.

“Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń fà á. Gbogbo ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìyá Àgbà gbé ara wọn ró lórí àga bí ẹni tí a ní kó ka àkọ́sórí. “Mo máa ń ṣe àlùwàlá. Mo máa ń fi omi yọ ẹnu mi dáadáa, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ má sọ pé n kò yọ ọ́. Mo máa ń kírun. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fà á, tí mo bá ṣì wà lórí ẹní.”

“Lẹ́yìn tí ẹ bá fà á tán ńkọ́? Ẹ tún máa ń yọ ẹnu?”

“Kí ni mo tún ń yọ? Ẹnu tí mo ti fọ̀ láti kírun! Mo fẹ́ kí ẹnu mi mọ́ kí n tó fi oògùn tí mo pe orúkọ Ọlọ́run sí bọ̀ ọ́.”

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan orúnkún wọn. “Ìyá, kò sí ohun tí ẹ ò ṣe. Ẹ kàn gbé ti ìkẹyìn síwájú ni. Ẹ̀dọ̀fóró ni à ń fa oògùn yìí sí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń kù sẹ́nu. Èyí tó kù yẹn ló yẹ kí omi kó lọ. Tí kò bá lọ, á mú kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ó sùn, irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu á sì ráyè hù lórí ahọ́n.”

Ó yé mi kí ó tó sọ ọ́ tán. Oògùn tó ń mú kí ìjà rọlẹ̀ nínú àyà ti lọ jókòó sí ẹnu, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ránṣẹ́ pè é, ó sì ní kí àwọn ọmọ ogun tí iṣẹ́ wọn tọ́ níbẹ̀ lọ sùn. Kì í ṣe pé oògùn náà burú. Àyè tó jókòó sí ni kò jẹ́ tirẹ̀.

“Kí ni mo máa wá ṣe báyìí?” ni Ìyá Àgbà bèèrè. “Ṣé kí n yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì?”

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ fa oògùn kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Tí ẹ bá wá dé ibi ẹnu, ẹ jẹ́ kí omi náà dé ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Àlùwàlá yín á bá yín fọ̀ ọ́.”

Ìyá Àgbà wo nọ́ọ̀sì náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì wo inhélà tó wà lọ́wọ́ wọn. “Àlùwàlá náà ni,” ni wọ́n wí, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá nínú àpò ara rẹ̀. A fún wọn ní oògùn olómi tí wọ́n máa fi sí ahọ́n, a sì padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ wa ní ìlànà tuntun. Bí ìpè àsùbáà bá dún, Ìyá Àgbà á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lórí àpótí kékeré, kẹ́tùlù á wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Èmi ni mo máa ń mi inhélà náà, tí mo sì máa ń gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní “Bísímílà,” wọ́n á fà á, wọ́n á sé èémí mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa wo ojú mi títí n ó fi mi orí pé ó ti tó. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ti lè ṣàlàyé lọ. Èémí wọn wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà, mo máa ń da omi sí wọn lọ́wọ́ láti inú kẹ́tùlù, wọ́n á yọ ẹnu, wọ́n á tu ú dànù, àlùwàlá á sì máa lọ síwájú bó ṣe máa ń lọ.

Wọn kò sọ fún mi bí ahọ́n náà ṣe ń ṣe, èmi náà kò sì bèèrè. Mo rí i pé funfun náà ń dínkù. Mo rí i pé wọn kì í dúró ní àárín àtẹ̀gùn mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ahọ́n náà kò bá jí, wọ́n á tún pa inhélà tì, ohunkóhun tí mo bá rò fún wọn nípa sẹ́ẹ̀lì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ọkọ̀ kan dé láti òkè Ọya. Ó pẹ́ tí ọkùnrin tó kó ata inú rẹ̀ wá ti ń kó ọjà fún Ìyá Àgbà. Ó gbé àpò kan kalẹ̀ síwájú àga, ó sì tú ẹnu rẹ̀. Ìyá Onítàtàṣé dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń ká aṣọ. Ìyá Àgbà fi ìborùn bo imú bí dókítà ti wí, wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò dé ìdí, wọ́n fa ẹyọ kan yọ, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ. Wọ́n sọ ìborùn kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n fi ata náà kan ahọ́n.

Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Omi lé sí ojú wọn, n kò sì mọ̀ bóyá ti ata ni.

“Òjò ti pa eléyìí rí,” ni wọ́n wí.

“Haba, Hajiya! Walahi, ata yìí ò rí òjò!”

“Ó lè má rí òjò. Òjò rí i.”

Ọkùnrin náà yí fìlà rẹ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀, ó sì bú sí ẹ̀rín. Ó gbé àpò náà padà sínú ọkọ̀, ó ń sọ fún àwọn alábàárù pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní kọjá níbí. Ìyá Onítàtàṣé ju aṣọ tí wọ́n ń ká sókè.

Ìyá Àgbà ní kí n yọ ahọ́n mi. Wọ́n fi ìdajì ata tó kù kàn án. “Dákẹ́, kí o gbọ́ ọ,” ni wọ́n wí. “Ní ìsàlẹ̀ oró yẹn, nǹkan kan wà tó rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ṣé o gbọ́ ọ?”

N kò gbọ́ nǹkan kan àyàfi iná. Mo fò sókè, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu, omi ń dà lójú àti nímú mi, mo sì ń wá omi nínú ike tí kò sí omi nínú rẹ̀. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Ó gòkè wá. Ó dé àárín, èmi àti Ìyá Onítàtàṣé sì wo ara wa. Ó kọjá àárín. Ó ń lọ, ó ń ga sí i, ó gba gbogbo láìnì kan, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, títí ó fi rẹ Ìyá Àgbà fúnra wọn, tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tó wù wọ́n.